Funfun Nìkan Kọ́ Ni Wàrà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọmọ Tó Kọ Ọmú Nílé Àwọn Tí Kì í Jẹ Ẹran

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ fún àwọn òbí ní gbọ̀ngàn kan ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, Èkó

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ pọn ọmọ-ọmọ yín wá síbí, ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo dúpẹ́ pé òjò àárọ̀ yìí kò dá yín dúró sílé.

Ìbéèrè tí wọ́n ní kí n wá dáhùn kò gùn. Bí ọmọ kò bá mu ọmú mọ́, tí ilé sì jẹ́ ilé tí wọn kì í jẹ ẹran, tí àwọn mìíràn kì í tiẹ̀ fẹnu kan ohunkóhun tó ti ara ẹranko jáde, kí ni ká fún ọmọ mu? Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti gbọ́ èébú lórí rẹ̀ lẹ́nu ẹbí. Wọ́n á ní ẹ fẹ́ fi ìlànà jíjẹ mímu pa ọmọ ọlọ́mọ. Èmi kò wá bú ẹnikẹ́ni. Àwọn ará wa wà ní ìjọ Adventist tí kì í jẹ ẹran, àwọn ará Íńdíà wà ní Ìlúpéjú tí àwọn baba ńlá wọn kò jẹ ẹran rí, ọmọ wọn sì ń dàgbà, wọ́n ń lọ sílé ìwé. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Àmọ́ ọ̀nà kan wà tó ń gbà ṣeé ṣe, ọ̀nà mìíràn sì wà tó ń gbé ọmọ dé wọ́ọ̀dù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé relé lónìí ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tó bá funfun nínú ìgò ló lè rọ́pò ọmú, pàápàá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ọmú ṣáájú, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kánjú kọjá. Wàrà ìyá kò lòdì sí ìlànà ẹni tí kì í jẹ ẹran. A kò pa ẹranko kankan ká tó rí i, a kò já a gbà lẹ́nu ọmọ màlúù. Ìyá ló fi tìfẹ́tìfẹ́ fún ọmọ tirẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù 6 àkọ́kọ́, kó sì máa mu ún lọ pẹ̀lú oúnjẹ títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ọmọ oṣù 5 tàbí oṣù 8 bá kọ ọmú lójijì, ẹ má tíì sáré lọ ra agolo. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kì í sábà fúnra rẹ̀ fi ọmú sílẹ̀. Nǹkan ló ń dà á láàmú.

Ó lè jẹ́ pé eyín ń hù, tí ẹ̀rìgì ń dùn ún. Imú rẹ̀ lè dí, tí kò fi lè mí bí ọmú bá ti wà lẹ́nu rẹ̀. Etí lè máa ro ó. Ẹ la ẹnu rẹ̀ wò: bí nǹkan funfun bá bo ahọ́n àti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ẹ fi aṣọ nù ún tí kò kúrò, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, oògùn rẹ̀ wà. Nígbà mìíràn, ìyá ló pààrọ̀ ọṣẹ tàbí lọ́fínńdà, tí òórùn rẹ̀ fi yàtọ̀ sí èyí tí ọmọ mọ̀. Nígbà mìíràn, ọmọ ló gé ìyá jẹ, ìyá figbe ta, ẹ̀rù wá ba ọmọ. Èyí tí mò ń rí jù lọ ní Èkó tiwa yìí ni ti iṣẹ́. Ìyá jáde nílé ní Kẹ́tù ní aago márùn-ún ìdájí, ó di aago mẹ́sàn-án alẹ́ kó tó sọdá afárá Third Mainland padà. Fídà ni ọmọ ń fà látàárọ̀, mílíkì ń dà wọ̀ ọ́ lẹ́nu láìjẹ́ pé ó ṣe wàhálà kankan. Nígbà tí ìyá bá wá gbé ọmú fún un lálẹ́, tí ó gbọ́dọ̀ fà á gidi kí wàrà tó sọ̀, ó yí ojú kúrò.

Kí ni ká ṣe? Ẹ bọ́ aṣọ àyà yín, ẹ bọ́ ti ọmọ, ẹ jẹ́ kí ara kan ara. Ẹ gbé ọmú fún un nígbà tí oorun bá ń kùn ún, nínú yàrá tí kò sí ariwo tẹlifíṣọ̀n. Ẹ má fi ipá tẹ orí rẹ̀ mọ́ àyà. Ní gbogbo àsìkò tó yẹ kó mu, ẹ fún wàrà náà jáde, torí ọmú tí nǹkan kan kò fà kì í pẹ́ gbẹ. Ife kékeré ni kí ẹ fi fún ọmọ ní èyí tí ẹ fún: ó rọrùn láti fọ̀ mọ́ ju fídà lọ. Wàrà tí a fún lè wà níta fún wákàtí 4 bí yàrá kò bá gbóná ju ìwọ̀n 25 Celsius lọ. Yàrá wo ní Èkó ni kì í gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án? Kúlà tó ní yìnyín nínú ni kí ẹ gbé e sí. Nínú fíríìjì, ó lè lo ọjọ́ 4, bí iná ọba bá dúró. Ìyá tí wàrà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pàápàá lè mú un padà, bí ọmọ tàbí ẹ̀rọ bá ń fà á léraléra. Ó gba sùúrù, ó sì gba kí ọkọ àti ìyá ọkọ bá a gbé nínú iṣẹ́ ilé. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ni mò ń bá wí níbẹ̀ yẹn.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ kì í jẹ ẹran, ẹja àti ẹyin, tí ẹ kì í sì í mu mílíkì, ẹ gbọ́ èyí. Fítámínì B12 kò sí nínú ewé tàbí ẹ̀wà tí a ń sè. Bí kò bá tó lára ìyá, kò ní tó nínú wàrà rẹ̀, ọpọlọ ọmọ ló sì máa jìyà rẹ̀. Ẹ ra B12 nílé oògùn, ẹ máa lò ó bí wọ́n bá ṣe júwe rẹ̀ fún yín.

Ó dáa. A ti ṣe gbogbo èyí, ọmọ kò padà sídìí ọmú. Tàbí ìyá ń lo oògùn tí dókítà ní kò gbọdọ̀ dé ara ọmọ. Bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù 12, ohun kan ṣoṣo ló kù: mílíkì tí wọ́n dìídì ṣe fún ọmọ ọwọ́, tí àwa ń pè ní fọ́múlà. Èyí tí wọ́n fi mílíkì màlúù ṣe wà, èyí tí wọ́n fi sóyà ṣe sì wà. Ilé tí kì í jẹ ẹran ṣùgbọ́n tó ń mu mílíkì, èyí tó ti ara màlúù wá ló rọrùn jù láti rí, kò sì sí ìdí láti wá òmíràn. Ilé tí kì í fẹ́ ohun ẹranko rárá, fọ́múlà sóyà ni tiwọn.

Fọ́múlà sóyà ni mo wí. Èmi kò wí mílíkì sóyà. Arábìnrin tó ń ta mílíkì sóyà nínú ìgò ike ní Tẹ̀júoṣó, tó tò wọ́n sínú báàfù oníyìnyín, tí omi ń sẹ̀ lára ìgò, iṣẹ́ gidi ni ó ń ṣe. Ó rẹ sóyà mọ́jú, ó bó o, ó lọ̀ ọ́, ó sẹ́ ẹ, ó sè é, ó fi ṣúgà àti fànílà sí i. Púrótéènì wà nínú rẹ̀, ó dára fún ẹ̀yin àgbà. Àmọ́ B12 kò sí níbẹ̀, fítámínì D kò sí níbẹ̀, áyódíìnì inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ọ̀rá rẹ̀ kò sì tó èyí tí ọpọlọ ọmọ ọwọ́ ń bèèrè. Fọ́múlà sóyà yàtọ̀: púrótéènì sóyà nìkan ni wọ́n yọ, wọ́n wá fi ọ̀rá, kálísíọ̀mù, èròjà irin, síńkì àti gbogbo fítámínì kún un ní ìwọ̀n tí ọmọ ń fẹ́.

Ojú àwọn ọmọ kan rí nǹkan kí ayé tó mọ ohun tó yẹ kó wà nínú agolo yẹn. Láti 1909 ni oníṣègùn ọmọdé kan ní Baltimore, John Ruhräh, ti kọ̀wé nípa bó ṣe ń fi sóyà bọ́ ọmọ ọwọ́. Ní 1936, Harry Miller, dókítà ọmọ ìjọ Adventist tó jẹ́ míṣọ́nnárì ní Ṣáínà, dá ilé iṣẹ́ mílíkì sóyà sílẹ̀ ní Shanghai nítorí àwọn ọmọ tí kò rí wàrà mu. Síbẹ̀, nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1950, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í rí gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi fọ́múlà sóyà tọ́. Áyódíìnì ni kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n fi í kún un, gẹ̀gẹ̀ náà kó káńgárá rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ní 2003, fọ́múlà sóyà kan tí wọ́n ṣe ní Jámánì dé Ísírẹ́lì láìní fítámínì B1 tó yẹ. Fítámínì kan péré ló yọ. Àwọn ọmọ kú, àwọn mìíràn sì ń fi ara ṣe é títí dòní. Ilé iṣẹ́ ńlá nìyẹn, tó ní onímọ̀, tó ní ẹ̀rọ ìyẹ̀wò. Kí la wá fẹ́ fi gbẹ́kẹ̀ lé èyí tí a fi búlẹ́ńdà lọ̀ nílé?

Ní Bẹ́ljíọ̀mù, ilé ẹjọ́ dá tọkọtaya kan lẹ́bi ní 2017. Ọmọ wọn, ọmọ oṣù 7, ti kú ní 2014. Mílíkì ewéko oríṣiríṣi ni wọ́n ń fún un dípò fọ́múlà. Wọn kò kórìíra ọmọ wọn.

Èmi náà ti rí irú rẹ̀, kò sì ní kúrò lọ́kàn mi. Obìnrin kan gbé ọmọ oṣù 8 wá. Òfíò ló ń fún un. Ó ń ṣa òfíò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ ẹ́, ó ń fi dábínù sí i, ó ń fi aṣọ funfun tó mọ́ tónítóní sẹ́ ẹ. Inú rẹ̀ dùn pé ọmọ òun sanra. Lóòótọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà rí rọ̀bọ̀tọ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, mo gbé ọwọ́ kúrò, ojú ibi tí mo tẹ̀ jìn wọlé, kò sì dìde. Omi ló wà lára rẹ̀, kì í ṣe ẹran ara. Ọmọ náà wò mí, kò sunkún. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá a máa ń sunkún bí àjèjì bá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. A gbà á sí wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà, torí wàràwàrà là ń yọ oró iná, ó sì yè é.

Kí òfíò tó bí yín nínú, ẹ jẹ́ kí n sọ pé kì í ṣe òun nìkan. Mílíkì àgbọn, mílíkì ìrẹsì, ti óòtì, ti álímọ́ńdì, kò sí èyí tó lè gbọ́ bùkátà ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Nínú 100 mílílítà wàrà ìyá, kálórì bíi 65 sí 70 ló wà níbẹ̀. Mílíkì álímọ́ńdì aláìníṣúgà tí wọ́n ń tà nínú páálí ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńláńlá ní Lẹ́kí àti Ìkẹjà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni tirẹ̀ kì í pé 20. Ikùn ọmọ ọwọ́ kò tóbi. Bí nǹkan tí kò lágbára bá ti kún un, àyè kò sí mọ́ fún èyí tó lágbára. Ti ìrẹsì tún ní ọ̀rọ̀ májèlé arsenic tí ìrẹsì ń fà láti inú ilẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 má mu ún rárá. Mílíkì màlúù tútù àti ti ewúrẹ́ pẹ̀lú kò yẹ kó rọ́pò ọmú kí ọmọ tó pé ọdún kan: èròjà irin inú wọn kéré, iyọ̀ àti púrótéènì wọn sì pọ̀ ju agbára kídìnrín ọmọ lọ. Mílíkì agolo kékeré tí a ń fi mu tíì ńkọ́? Rárá. Mílíkì kíki olóṣúgà? Rárá. Ní 1939, Dókítà Cicely Williams, ẹni tó kọ́kọ́ ṣàlàyé kwashiorkor, àrùn àìtó púrótéènì tó ń mú ara ọmọ wú, fún àwọn oníṣègùn láti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Gánà, dìde ní Singapore ó sì sọ̀rọ̀ gbígbóná sí àwọn tó ń polówó mílíkì kíki olóṣúgà fún àwọn ìyá. Mílíkì tí wọ́n ń fi ife wọ̀n lọ́jà pẹ̀lú, ẹ má mú un délé fún ọmọ ọwọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ra fọ́múlà sóyà, ẹ kọ́kọ́ fi ọmọ han dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Ọmọ tí a bí láìtọ́jọ́, tí kò tó kílò 1.8 nígbà tí a bí i, kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ tó ń lo oògùn nítorí pé ẹṣẹ́ ọrùn rẹ̀ (thyroid) kò ṣiṣẹ́ tó, sóyà lè dí oògùn náà lọ́wọ́, kí dókítà mọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ara agolo. Kó jẹ́ ti ọmọ ọwọ́ ní pàtó, kó bá ọjọ́ orí ọmọ mu, kó ní nọ́ńbà NAFDAC, kí ọjọ́ rẹ̀ má tíì kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ kì í lo ohun ẹranko rárá, ẹ óò rí i pé fítámínì D3 inú ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti inú ọ̀rá irun àgùntàn. Òróró ẹja wà nínú àwọn kan. Ní ti fọ́múlà màlúù, àwọn kan wà tí wọ́n fi èròjà inú ikùn ọmọ màlúù ṣiṣẹ́ lára mílíkì wọn. Bí èyí bá kan ẹ̀rí ọkàn yín, ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Èrò tèmi ni pé níbi tí agolo mìíràn kò bá sí, ọ̀rá irun àgùntàn kò tó ohun tí a ó tìtorí rẹ̀ fi ebi pa ọmọ. Ẹ bá pásítọ̀ yín sọ ọ́ bí ó bá ń jẹ yín lọ́kàn.

Pípò rẹ̀ ṣe pàtàkì bíi rírà rẹ̀. Ìyẹ̀fun inú agolo kì í ṣe ohun tí kòkòrò kò lè wà nínú rẹ̀. Ẹ se omi títí yóò fi hó, ì báà ṣe omi inú ọ̀rá. Ẹ má jẹ́ kó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ lẹ́yìn tí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, torí omi náà gbọ́dọ̀ ṣì gbóná tó ìwọ̀n 70 kó lè pa kòkòrò inú ìyẹ̀fun. Ẹ po ó, ẹ jẹ́ kó tutù níwọ̀n, ẹ kán an sí ọrùn ọwọ́ yín wò, kí ẹ tó fún ọmọ. Èyí tó bá ti lé ní wákàtí 2, ẹ dà á nù. Mo mọ̀ pé owó ni. Ẹ dà á nù. Ṣíbí inú agolo ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kí ẹ fi ọ̀bẹ tó mọ́ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú.

Tí ọmọ bá ti pé ọdún kan, ara dẹ̀. Mílíkì sóyà inú páálí tí kò ní ṣúgà, tí wọ́n fi kálísíọ̀mù, fítámínì D àti B12 kún, lè di mílíkì rẹ̀. Òun nìkan ló sún mọ́ ti màlúù ní púrótéènì nínú àwọn mílíkì ewéko tó wọ́pọ̀. Òfíò àti àgbọn lè wọlé nígbà náà gẹ́gẹ́ bí ohun mímu. Sóyà tí ẹ bá ṣe nílé, ẹ sè é jinná gidi, torí sóyà tútù ní èròjà tí kì í jẹ́ kí púrótéènì dà nínú ikùn, iná ló sì ń pa á.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè tí ẹ bi mí kún un.

Bàbá kan ní agolo sóyà wọ́n, ó ní ṣé òun lè fi mílíkì sóyà ọjà lú u. Ẹ má lú u, sà, ẹ má sì fi omi kún un kó lè pẹ́. Bí ìlànà yín bá gba mílíkì, èyí tí wọ́n fi ti màlúù ṣe máa ń rọrùn jù lówó. Bí kò bá gbà á, ẹ ran ìyàwó yín lọ́wọ́ kó máa fún ọmú rẹ̀ jáde. Gbogbo ife tó bá fún ni owó tí ẹ kò ná.

Ìyá àgbà kan ní ògì ni wọ́n fi tọ́ gbogbo wa, a kò sì kú. Òótọ́ ni, mà. Àmọ́ ọmú ni ẹ̀yin fi ń sin ògì náà lọ, fún ọdún méjì, ọdún mẹ́ta. Ògì nìkan kò ní púrótéènì tó. Ìdí nìyí tí ilé ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì níbí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, fi ṣe ògì alásóyà. Bí ọmọ bá ti pé oṣù 6, ẹ fún un, ẹ fi mọ́ínmọ́ín aláìlẹ́ja, ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná àti ẹ̀fọ́ kún un, kí ẹ sì fún omi ọsàn díẹ̀ sí ẹ̀fọ́ náà kí ara rẹ̀ lè gba èròjà irin. Oúnjẹ rẹ̀ ni gbogbo ìyẹn, mà. Ọmú tàbí fọ́múlà ṣì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ títí yóò fi pé ọdún kan.

Ẹni tó béèrè kẹ́yìn ní ọmọ òun ti pé oṣù 14, mílíkì sóyà ló fẹ́ràn, kò sì fẹ́ jẹun. Ẹ dín mílíkì náà kù sí ife méjì lójúmọ́, kó jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ sì má fi fídà fún un lóru. Ẹ gbé e wá sílé ìwòsàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pẹ̀lú káàdì àbẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ àti páálí mílíkì tó ń mu, ká gbé e sórí òṣùwọ̀n, ká sì fi ti oṣù tó kọjá wé e.